Ibà Ilé, Ibà Ìta

Ìkìrun,
Ọjọ́ 23, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Fọláwùnmí ọmọ mi,

Àjọkẹ́, ṣé àlàáfíà lo wà? Joel ọkọ rẹ ńkọ́? Akínlabí ọmọ ọmọ mi ńkọ́, ẹni tí ẹ̀yin ń pè ní Leon? Ara tèmi le, àfi etí yìí tí kò gbọ́ ohùn inú fóònù mọ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi yé kọ lẹ́tà. Adétọ́lá, tíṣà tó háyà yàrá iwájú lọ́wọ́ mi, ló ń bá mi yà á ní fọ́tò, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọ lórí Wásáàpù.

Adétọ́lá yìí kan náà ló pè mí lánàá. Ó ní, "Màmá, ẹ wá wo ọmọ yín." Mo gbé awò mi sójú. Mo rí Akínlabí tó jókòó sínú koríko pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo rò pé òkè Ìmẹ̀sí ni. Mo fò fún ayọ̀. Mo ní, "Àbí wọ́n ti dé ni? Àbí wọ́n fẹ́ yọ sí mi lójijì?" Adétọ́lá ní, "Rárá o, Màmá. Thailand ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀."

Fọláwùnmí, oúnjẹ kò wọ̀ mí lọ́fun lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn ti pé ọmọ ọdún méje. Ọdọọdún ni mò ń bẹ̀ ọ́ pé kí o mú un wá kí n fojú rí i. Lọ́dún tó kọjá, o ní ibà ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà ọ́, o ní ọmọ tí wọ́n bí sí Berlin kò lè bá ẹ̀fọn ilẹ̀ wa jà. Mo gbà fún ọ. Mo ní ìyá ló mọ ọmọ rẹ̀. Ṣé kò sí ẹ̀fọn ní Thailand ni? Ṣé koríko tiwọn kì í bí kòkòrò? Ẹni tó bá ń sá fún ibà ilé, ibà ìta ni yóò pàdé.

Mo fẹ́ kọ ọ́ síbí pé n kò bínú, ṣùgbọ́n bíírò kọ̀, kò kọ ọ́.

Ìkunra orúnkún tí o fi rán Ìyá Ìjọ sí mi ti tán. Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi òmíràn ránṣẹ́. Bá mi kí Joel. Fún mi lésì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́.


Ìkìrun,
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Fọláwùnmí,

Mo kí ọ o. Mo tún kí ọ lẹ́ẹ̀kejì, bóyá ti àkọ́kọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Ṣùgbọ́n ó dé. Adétọ́lá fi àmì méjì tó ti di búlúù hàn mí, ó ní ó túmọ̀ sí pé o ti kà á. Ẹni tó kàwé tí kò dáhùn, ó ti dáhùn.

Bí ọ̀rọ̀ mi bá dùn ọ́, kì í ṣe bí ọmọ ṣe ń ṣe sí ìyá rẹ̀ nìyí. Ọmọ a máa ní, "Màámi, ọ̀rọ̀ yín gbóná jù." Èmi náà á sì ní, "Ó dára, jẹ́ kí n fẹ́ ẹ kó tutù." A ó parí rẹ̀. Nígbà tí o wà ní kékeré, tí mo bá nà ọ́, o kì í sá lọ sí ilé onílé. Ẹ̀yìn mi náà lo máa ń wá fara pa mọ́ sí. Ta ló kọ́ ọ ní dídákẹ́?

Òjò ọdún yìí pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣí páànù méjì lẹ́yìn ilé, wọ́n ti bá mi kàn án padà. Ọsàn ẹ̀yìnkùlé so títí, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń ká a jẹ. Mo máa ń wo àwọn tó bá tó Akínlabí láàárín wọn, mo ń fojú wọ̀n ọ́n pé báyìí ni yóò ṣe ga.

Mo ń retí rẹ.

Ìyá rẹ.


Ìkìrun,
Ọjọ́ 24, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Àjọkẹ́ mi,

Má wo ti ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Mo kó o jẹ. Dá mi lóhùn ṣáá.

Mo ní kí Adétọ́lá kọ̀wé sí Babalọlá àbúrò rẹ ní Hamburg. Ó dáhùn pé gbogbo yín wà dáadáa, pé fóònù rẹ ló bàjẹ́. Fọláwùnmí, èmi ni mo bí Babalọlá. Láti kékeré ni kò ti mọ irọ́ pa. Bó bá ń purọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a máa kúrú. Ẹni tó máa ń kọ̀wé gígùn sí mi nípa ṣọ́ọ̀ṣì, nípa òtútù, nípa ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó kọ ìlà kan péré, ó sì dákẹ́. Wọ́n tiẹ̀ ti ya ọmọ tuntun náà sí mímọ́, kò fi àwòrán kankan ránṣẹ́.

Ọkàn mi kò balẹ̀. Bí ìjà bá wà láàárín ìwọ àti ọkọ rẹ, sọ fún mi. Bí iṣẹ́ bá bọ́, sọ fún mi. Bí ó bá jẹ́ èyí tí n kò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi kọ, sọ fún mi náà. Mo gbààwẹ̀ lánàá, n kò sì mọ ohun tí mò ń gbààwẹ̀ lé lórí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.


Hamburg,
Ọjọ́ 28, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Ma. Ẹ kú àfaradà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó máa kà á lọ.

Ibi tó dára ni kí n ti bẹ̀rẹ̀: Leon wà láàyè. Ó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láàárọ̀ yìí. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ó ń wo eré lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ń bínú sí nọ́ọ̀sì tó ní kó dín ohùn rẹ̀ kù.

Èmi ni mo ní kí Babalọlá parọ́ fún yín. Ẹ má bá a jà.

Kì í ṣe fàájì la bá lọ sí Thailand. Elias, ọ̀rẹ́ tí Joel bá kàwé láti kíláàsì kìíní, ló fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ní abúlé kan lórí òkè, Joel ló sì máa dúró tì í lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Àwọn ọmọ abúlé mú Leon ṣeré nínú koríko lẹ́bàá oko ìrẹsì. Mo ń fi òògùn ẹ̀fọn pa á lára láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ̀fọn ni mò ń ṣọ́, Màámi. Mi ò mọ̀ pé nǹkan míì wà níbẹ̀.

A padà dé ilé wa ní Gesundbrunnen, ní Berlin. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan, ara rẹ̀ gbóná. Ọjọ́ yẹn gan-an ni lẹ́tà yín wọlé. Mo fi ọwọ́ kan di fóònù mú, mo fi ọwọ́ kejì mú aṣọ tútù tí mo fi ń nu ọmọ lára, mo wá kà á: ibà ìta ni yóò pàdé.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Kinderarzt, dókítà àwọn ọmọdé tó wà ládùúgbò wa. Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ lọ sí Áfíríkà láìpẹ́ yìí?" Mo ní rárá. Ó ní òtútù ló mú un, kí n máa fún un lómi. Áfíríkà nìkan ló béèrè, kò béèrè ibòmíràn.

Ibà náà ń lọ, ó ń bọ̀. Nígbà tó di Sátidé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, la bá wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Hamburg nítorí ìyàsímímọ́ ọmọ Babalọlá. Leon sùn lórí àga láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé ìparí, pẹ̀lú gbogbo ariwo orin. Nígbà tí a dé ilé Babalọlá ní St. Georg, Joel ní kó dìde wá jẹun. Ó dìde, ó ṣubú. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀ dáadáa, mo rí i pé ojú náà ti wú. A pe ọkọ̀ aláìsàn.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, kò sí. Dókítà obìnrin kan wá wọlé, Tèmipé Láoyè lorúkọ rẹ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Hamburg níbí. Ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, Ma," bí àwọn ọmọ wa níbí ṣe ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ń gun òkè níbi tó yẹ kó sọ̀kalẹ̀. Ó ní ká bọ́ gbogbo aṣọ Leon. Ó yẹ̀ ẹ́ wò láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó wo ẹ̀yìn etí, ó wo àárín ìka. Abẹ́ abíyá rẹ̀ ló ti rí i: egbò dúdú kékeré kan, bí ibi tí iná sìgá jó. Kò dun Leon, kò yún un. Nítorí náà ni kò fi sọ fún ẹnikẹ́ni.

Dókítà ní, "Ilẹ̀ wo lẹ lọ, yàtọ̀ sí Áfíríkà?"

Mo ní, "Thailand. Ìgbéyàwó la lọ ṣe."

Ó ní, "Ó jọ scrub typhus. Kòkòrò kan tó kéré bí ekuru, tó ń gbé inú koríko, ló ń kó o ranni. Mo máa fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró de èsì. Òògùn rẹ̀ wà. Nísinsìnyí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó."

Ẹ ò rí bí Joel ṣe mí kanlẹ̀! Ó ní, "Tí òògùn bá ti wà, ẹ jẹ́ ká gbé e padà sí Berlin. Ibẹ̀ nilé wa." Ó yẹ kó wà níbi iṣẹ́ ní Reinickendorf lọ́jọ́ kejì.

Dókítà ní, "Rárá, Sà. Intensivstation ni mo fẹ́ kó lọ, ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ aláìsàn tọ̀sán-tòru."

Èmi náà ní, "Ṣebí ó ń sọ̀rọ̀? Ṣebí ó mọ̀ wá? Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Ó jókòó sẹ́bàá mi. Ó ní, "Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní àìsàn yìí, tí wọ́n bá ti lo òògùn, ara wọn máa ń balẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n ó máa ń le fún àwọn kan. Ó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè wọ ọpọlọ tàbí kíndìnrín. Àwọn dókítà ní India àti Thailand ti wo ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ohun tó lè fi wọ́n hàn kí ewu tó dé. Ibà tó ti pẹ́ lára kí òògùn tó dé. Ojú tó wú. Mímí tó yára. Ẹ̀jẹ̀ tí ohun tó ń mú un dì ti dín kù. Leon ní gbogbo rẹ̀, Ma."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀ ń sọ fún mi pé ó máa le fún un ni?"

Ó ní, "Mi ò mọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ ti ọmọ kan. Mo kàn mọ irú ọmọ tí mi ò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára ẹ̀."

Joel ń bínú. Ó ní wọ́n ń fi ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ dẹ́rù bà wá. Ó wò mí. Mo ní, "A ò lọ síbì kankan."

Màámi, lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Leon bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí ẹni tó sáré. Ẹ̀rọ ti pariwo kí èmi ìyá rẹ̀ tó rí i. Wọ́n ti wà lórí rẹ̀ kí n tó dìde lórí àga. Wọ́n fi ọ̀pá sí i lọ́fun. Ó tó ọjọ́ mẹ́fà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń bá a mí.

Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni lẹ́tà yín kejì dé. Mi ò ní parọ́ fún yín: inú ń bí mi sí yín. Ohùn yín ni mò ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ yẹn. Mo ní kí ló dé tí ìyá mi fi gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ mi lórí. Dókítà ń wo ewu kó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin, kí lẹ̀ ń wò? Mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà lọ́pọ̀ ìgbà. Gbogbo rẹ̀ ló ń di ìjà lọ́wọ́ mi, mo ń pa á rẹ́.

Mo ti sọ ọ́ báyìí. Mo kúnlẹ̀, Ma, ẹ má bínú sí mi.

Nígbà tí wọ́n yọ ọ̀pá náà, ohùn rẹ̀ ti há. Ó ní, "Mama, Durst." Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ẹkún kò jẹ́ kí n lè gbé kọ́ọ̀pù. Nọ́ọ̀sì ló fún un lómi mu.

Ọmọ yín,
Fọláwùnmí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ 2, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àjọkẹ́ mi,

Ọlọ́run tó dá Akínlabí sí kò ní fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Nígbà tí mo ka ibi ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Adétọ́lá sáré wá, ó rò pé mo ṣubú ni.

Lẹ́yìn náà ni mo ka èyí tó kù. Mo kà dé ibi tí o ti ní ọmọ ń mí bí ẹni tó sáré, n kò lè kà á kọjá. Mo pa á dé. Ọjọ́ kejì ni mo tó parí rẹ̀.

O bi mí ní ìbéèrè, n óò dáhùn.

O mọ̀ pé o ní ẹ̀gbọ́n kan tó ti kú kí a tó bí ọ. O kò mọ bó ṣe kú, nítorí bàbá yín kò fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ nínú ilé títí òun náà fi lọ. Akínlolú lorúkọ rẹ̀. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ. Ó fẹ́ràn kó máa gbé bàtà mi méjèèjì kọ́ ọrùn, kó ní òun ń lọ sí Èkó. Ibà mú un. A fún un lóògùn, ara rẹ̀ tutù. A ní ó ti yá. Ó jẹ mọ́ínmọ́ín, ó tiẹ̀ bá mi rẹ́rìn-ín. Mo fi í sílẹ̀ lórí ẹní, mo lọ sá aṣọ. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ń mí bí ẹni tó sáré.

A gbé e dé ọsibítù ní Òṣogbo. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lọ́wọ́ mi wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìyá, ẹ ti pẹ́." Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ti wí fún mi ṣáájú pé ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lè yí padà báyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ pé, ti èyí, má gbójú kúrò lára rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ ọ́, ǹ bá fi aṣọ yẹn sílẹ̀ kó rà mọ́ omi.

Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ọmọ mi bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ibà ni mo kọ́kọ́ ń rí níbẹ̀. Nígbà tí o lọ sí Germany, inú mi dùn nítorí pé wọ́n ní kò sí ibà lọ́hùn-ún. Nígbà tí mo rí Akínlabí nínú koríko ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ̀rù bà mí, ó sì tún dùn mí pé ibẹ̀ ló lọ, kò wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn méjèèjì gba ẹnu kan jáde. Kì í ṣe èpè, Fọláwùnmí. Ẹ̀rù ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó bá wọ aṣọ ìbínú, ta ni yóò dá a mọ̀? Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Bá mi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Akínlabí.

Èmi náà ní ẹjọ́ tèmi. O fi mí sílẹ̀ fún odindi oṣù kan, mò ń gbàdúrà bí afọ́jú. Bí ọmọ ọmọ mi bá ń kú lọ, ó yẹ kí n mọ̀. Agbára mi kò ká ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n mo lè bá ọ jí. Má ṣe irú rẹ̀ sí mi mọ́.

Mo lọ sí ìsìn ṣọ́ọ̀ṣì lánàá. Wòlíì dìde, ó ní òun rí nǹkan nípa ilé mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti rírí sílẹ̀ lónìí. Ẹ bá mi dúpẹ́."

Dókítà Tèmipé yẹn, Láoyè ti ìlú wo ni wọ́n? Bi í kí o sọ fún mi, kí n lè mọ àwọn ẹni tí n óò kí.

Ìyá rẹ,
Oyèníkẹ́.


Berlin,
Ọjọ́ 19, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o. A ti padà sí Gesundbrunnen. Wọ́n dá wa sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Mo ka lẹ́tà yín nínú yàrá ìdáná Babalọlá, mo sì tún un kà. Gbogbo ìgbà tí mo wà ní kékeré tí ẹ máa ń jí mi tí ẹ máa ń ní, "Mí kí n gbọ́," mo rò pé eré ni. Ẹ má tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ mi mọ́. Ó ti tán láàárín wa.

Leon ti ń rìn, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì lágbára. Tó bá gun àtẹ̀gùn, ó máa dúró lágbedeméjì, ó máa ṣe bíi pé nǹkan ló ń wò. Joel kì í jẹ́ kó rí i pé òun ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Kí a tó kúrò ní Hamburg, Joel lọ bá Dókítà Tèmipé. Ó ní, "Mo fẹ́ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn." Dókítà ní, "Ká ní ọmọ tèmi ni, èmi náà á fẹ́ gbé e lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Joel wá lọ jókòó sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò jáde bọ̀rọ̀. Dókítà ní ará Ìlá ni bàbá òun, òun kò sì débẹ̀ rí.

Mo sọ ìtàn Akínlolú fún Leon. Ó bi mí pé ṣé bàtà yín tóbi. Mo ní mi ò rántí. Ó ní kí n béèrè.

Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà tó wúwo lẹ́nu mi. Àwọn dókítà ní kó má tíì rin ìrìn àjò jíjìn títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa nígbà ooru. Lórí ibùsùn ọsibítù ni mo ti pinnu pé Kérésì yìí la máa wá sọ́dọ̀ yín, mo ti sọ ọ́ fún Ọlọ́run. Kò ní ṣeé ṣe. Ẹ ti dúró fún ọdún méje, mo tún ń ní kí ẹ dúró. Nígbà míì, tí mo bá ń lọ fún Frühschicht, iṣẹ́ àárọ̀ kùtù, nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń wẹ màmá kan tó tó yín lọ́jọ́ orí. Mo máa ń rọra nu ẹ̀yìn rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé ta ló ń nu tiyín.

Ẹ má bínú.

Fọláwùnmí.


Ìkìrun,
Ọjọ́ 6, Oṣù Kọkànlá, 2025.

Fọláwùnmí mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, n kò bínú. Lọ́tẹ̀ yìí, bíírò gbà kí n kọ ọ́.

Sọ fún Akínlabí pé bàtà mi kò tóbi. Ẹsẹ̀ Akínlolú ló kéré.

Nísinsìnyí, gbọ́ mi. Ẹ̀yin kò lè wá. Ta ló ní èmi kò lè wá? Mo mọ̀ pé èmi ni mo máa ń kọ̀. Mo ní òtútù yóò pa mí, mo ní ta ni yóò máa ṣọ́ ilé, mo ní ohun tí Ọlọ́run kò fún ní ìyẹ́, kó má ṣe fò. Àwáwí ni. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ni ẹ wá bá mi, kí àdúgbò lè rí i pé mo ní ẹnìkan. Adétọ́lá yóò máa gbé ilé. Sọ fún Joel kó ṣe ìwé ìpè. Mo ti ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, ojú mi le níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Má jiyàn.

Ìyá rẹ.


Èkó,
Ọjọ́ 15, Oṣù Kìíní, 2026.

Àjọkẹ́,

Ẹ kú ọdún o. Mo wà ní ilé àbúrò bàbá yín, Fọlárìn, ní Ṣómólú. Ó ní kí n kí yín. Mo ti lọ síbi físà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó lẹ́yìn gíláàsì. Ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo na ọwọ́ sí etí mi, mo mi orí. Ó tún sọ ọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ti ń kùn. Ni mo bá fa ìwé kan yọ, mo kọ ọ́ sí i pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe, kí sì ni yóò mú mi padà.

Mo kọ ọ́ pé, "Ọmọ ọmọ mi ṣàìsàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, n kò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ lọ wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ilé tèmi wà ní Ìkìrun, ibojì ọkọ mi àti ti ọmọ mi wà níbẹ̀. N óò padà."

Ó kà á. Ó kọ "Wait" síbẹ̀, ó sì gba ìwé ìrìnnà mi.

Mò ń dúró. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìyá rẹ.


Berlin, lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ àga mi,
Ọjọ́ 4, Oṣù Kẹta, 2026.

Fọláwùnmí,

Nígbà tí o bá dé láti ibi iṣẹ́ tí o rí ìwé yìí, rọra ti ìlẹ̀kùn.

Èmi àti Joel la jọ lọ mú Akínlabí nílé ìwé, kí Joel tó lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán. Nígbà tí ó rí mi lẹ́nu géètì, ó fi àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ bí òjò, German ni, n kò gbọ́ ọ̀kan nínú mẹ́wàá, etí mi kò sì gbé ìyẹn pàápàá dáadáa. Mo ń dáhùn ní Yorùbá, kò gbọ́ tèmi náà. A sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Àwọn ará Tọ́kì tó ń ta èso lẹ́bàá ibùdókọ̀ fún wa ní ọsàn, ó ní kí n bó o fún òun, bí ẹni pé èmi ni mo ti ń bó o fún un láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ó gun àtẹ̀gùn, kò dúró. Èmi ni mo dúró lágbedeméjì.

Ó jẹ iṣu, ó fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀. Ó fi orí lé mi lẹ́sẹ̀ pé kí n sọ ìtàn, n kò tíì dé ibi tí ó dùn tó fi sùn lọ. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Oṣù méjì ni wọ́n fi sínú físà mi, mo sì ti ń ṣàárò rẹ̀ bó ṣe wà lórí ẹsẹ̀ mi yìí.

Ẹsẹ̀ náà ti kú, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbé e kúrò. Ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù. Gbé e kaná fúnra rẹ.

Ìyá rẹ.